Èèkù àti Ẹ̀rú: Ìwádìí àti Àgbékalẹ̀ Irinṣẹ́ Ọwọ́ ní Kíláàsì Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀rányàn, Ìbàdàn

Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ náà ‘irinṣẹ́’ fúnra rẹ̀ ti gbé ìbéèrè wọ kíláàsì kí olùkọ́ tó la ẹnu. Irin wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Bí a bá tẹ̀lé ojú ọ̀rọ̀, ọkọ́, àdá, ọ̀bẹ àti òòlù yóò wọ abẹ́ orúkọ yìí láìsí wàhálà. Kí ni ti orógùn tí a fi igi gbẹ́? Kí ni ti ọlọ tí ó jẹ́ òkúta, tàbí ìgbálẹ̀ tí ó ti ara ọ̀pẹ wá? Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè jiyàn lórí èyí fún odindi wákàtí kan, àríyànjiyàn náà yóò sì gbé e dé ibi tí ó yẹ kí ó dé: kì í ṣe ohun tí a fi ṣe nǹkan ni ó sọ ọ́ di irinṣẹ́, bí kò ṣe iṣẹ́ tí ó bá ọwọ́ ṣe, èyí tí ọwọ́ nìkan kò lè ṣe.

Àlàyé yìí dá lórí bí a ṣe lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti wádìí irinṣẹ́ ọwọ́ kéékèèké, kí ó sì gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé èdè Yorùbá ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ ìtúpalẹ̀ náà sílẹ̀ fún olùkọ́. Orúkọ tí Yorùbá fún ẹ̀yà ara irinṣẹ́, àti ọ̀rọ̀-ìṣe tí a fi ń sọ ohun tí irinṣẹ́ ń ṣe, ń ya nǹkan sọ́tọ̀ ní ibi tí ìwé ẹ̀kọ́ elédè Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń da wọ́n pọ̀. Olùkọ́ tí ó bá fi èdè náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì ti fi apá kan ìmọ̀ náà sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Àdúgbò tí irinṣẹ́ kò jìnnà sí

Ọ̀rányàn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò àtijọ́ ní àárín gbùngbùn Ìbàdàn. Ẹsẹ̀ lásán ni ọmọ ibẹ̀ nílò láti dé Màpó, níbi tí gbọ̀ngàn tí a ṣí ní 1929 wà lórí òkè, tàbí Bẹẹrẹ, tàbí Ọjà'ba tí ó gba orúkọ rẹ̀ lára Ìbà Olúyọ̀lé. Kí ọmọ tí ó ń gbé agbo ilé ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ tó dé ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀, ó ti rí ẹni tí ó ń gbálẹ̀, ẹni tí ó ń rin ilá, ẹni tí ó ń bẹ iṣu. Ó ti gba iwájú káfíńtà, télọ̀ àti bíríkìlà kọjá. Irinṣẹ́ kì í ṣe àwòrán inú ìwé lójú rẹ̀.

Irin pàápàá ní ìtàn ní agbègbè náà. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921, ó kọ ọ́ pé iṣẹ́ irin ni ó fún Ìlọrin ní orúkọ, àti pé àdúgbò Ẹlẹ́ta ní Ìbàdàn gba orúkọ tirẹ̀ lára ẹta, ìyẹn òkúta tí a ń yọ irin lára rẹ̀. Àwọn onímọ̀ lè máa jiyàn lórí ìtumọ̀ orúkọ wọ̀nyí. Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ kíyè sí ni pé Johnson fúnra rẹ̀ ti ṣe olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ní Kúdẹ̀tì àti Àrẹ̀mọ, ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ òkúta irin yẹ nínú ìtàn ìlú. Láti Ọ̀rányàn, Ẹlẹ́ta kò tó ọ̀nà àjò.

Síbẹ̀, kí irinṣẹ́ wà nítòsí yàtọ̀ sí kí a wádìí rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ ní àgbẹ̀dẹ ń wo ọ̀gá rẹ̀, ó ń fẹ́ ewìrì, ó ń di ẹ̀mú mú, títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ iṣẹ́ náà. Ìbéèrè ‘kí ló dé tí ó fi rí báyìí?’ kì í sábà ní àyè níbẹ̀, nítorí pé bí ọ̀gá ṣe ń ṣe é ni ìdáhùn. Ní kíláàsì, ẹ̀wẹ̀, ìbéèrè pọ̀, irinṣẹ́ ni kò sí: ọmọ á há orúkọ irinṣẹ́ mẹ́wàá sórí, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà ìdánwò. Èkíní ní ọwọ́ láìsí ìbéèrè, èkejì ní ìbéèrè láìsí ọwọ́. Àwọn àgbà ní ojú kan ni alágbẹ̀dẹ ń lù, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ. Ohun tí kíláàsì lè fi kún ti àgbẹ̀dẹ ni kí ọmọ sọ ohun tí ó fẹ́ fà yọ jáde kí ó tó lu ojú náà, kí ó sì padà wò ó bóyá òun ni ó yọ.

Ìdí tí òbí fi ń fura

Iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe àlejò ní ilé ẹ̀kọ́ ilẹ̀ yìí; ìtàn rẹ̀ ni kò dára. Ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes gbé ìròyìn rẹ̀ nípa ẹ̀kọ́ ní Áfíríkà jáde ní 1922, ó sì dámọ̀ràn pé kí ẹ̀kọ́ bá ìgbé ayé àwọn ènìyàn mu. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba irú èrò yìí sínú ìwé ìlànà rẹ̀ ní 1925. Ọ̀pọ̀ òbí wò ó pé ẹ̀kọ́ onípò kejì ni wọ́n fẹ́ fún ọmọ àwọn, nígbà tí ọmọ àwọn aláṣẹ ń kọ́ ìwé tí ó ń gbé ènìyàn dé ọ́fíìsì. Ìfura náà kì í ṣe ti òmùgọ̀, olùkọ́ tí ó bá sì fẹ́ mú òòlù wọ kíláàsì lónìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé yóò bá a lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tí ó tẹ̀lé e kò ran ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ‘iṣẹ́ ọwọ́’ di ìgbálẹ̀, okùn tàbí ẹní tí ọmọ gbọ́dọ̀ mú wá ní òpin táàmù kí ó lè gba máàkì. Òbí á ra ìgbálẹ̀ lọ́jà, ọmọ á gbé e fún olùkọ́, olùkọ́ á kọ máàkì sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bèèrè ìdí tí a fi ń di ìgbálẹ̀ ní ìdí, tàbí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá dì í ní àárín. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, ìjọba sì ra ẹ̀rọ láti òkè òkun. Ní ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀, ẹ̀rọ náà kò jáde nínú àpótí nítorí pé kò sí iná mànàmáná, kò sí iyàrá iṣẹ́, kò sì sí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n lò. Láti inú ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́sàn-án tí àjọ NERDC gbé jáde ní 2007, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ní ipò nínú ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré. Àyè wà nínú ìwé, nígbà náà. Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nínú àyè náà ni ó kù.

Ìdánwò tí ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí jù lọ ni èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's ‘A’ ní Modákẹ́kẹ́. Fún ọdún mẹ́fà gbáko, Yorùbá ni a fi kọ́ kíláàsì ìdánwò ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dunjú ń kọ́ wọn. Kíláàsì tí a fi wé wọn tẹ̀lé ìlànà àtijọ́, Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé àbájáde tí a tẹ̀ ní 1989 fi hàn pé àwọn ọmọ ìdánwò kò rẹ̀yìn, Gẹ̀ẹ́sì náà kò sì bà jẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn onímọ̀ èdè ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìdánwò yìí. Èyí tí wọn kò sọ tó ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá yóò wá orúkọ, yóò sì rí i pé àwọn orúkọ kan ti wà ní àgbẹ̀dẹ àti ní ilé ìdáná kí ìgbìmọ̀ kankan tó jókòó. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú apá kìn-ín-ní rẹ̀ ní 1984 jẹ́ iṣẹ́ ńlá, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni ni ó wà fún. A kò gbé ọ̀rọ̀ alágbẹ̀dẹ lé e lọ́wọ́.

Orúkọ gẹ́gẹ́ bí ìtúpalẹ̀

Nínú ìwé ẹ̀kọ́ elédè Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọdé, orúkọ kan ṣoṣo ni ibi tí ọwọ́ ti ń di irinṣẹ́ mú sábà máa ń ní. (Gẹ̀ẹ́sì ní ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àwọn tí ó kù kì í dé kíláàsì.) Yorùbá ní èèkù, ó sì ní ẹ̀rú. Ọ̀bẹ, àdá àti idà ní èèkù; ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tẹ èèkù idà, àwọn àgbà ní kì í bèèrè ikú tó pa baba rẹ̀. Ọkọ́ àti àáké ní ẹ̀rú, ti ọkọ́ ni a sì ń pè ní ẹ̀rúkọ́.

Kí olùkọ́ gbé ọ̀bẹ kan àti ọkọ́ kan sórí tábìlì, kí ó ní kí àwọn ọmọ ya ìlà kan tí ó tẹ̀lé ibi ìdìmú àti ìlà kejì tí ó tẹ̀lé irin. Ti ọ̀bẹ yóò jẹ́ ìlà kan náà: èèkù àti irin tẹ̀lé ara wọn, ọwọ́ sì sún mọ́ ibi iṣẹ́. Ti ọkọ́ yóò dábùú ara wọn: irin wà ní òpin igi, ó jìnnà sí ọwọ́, apá ni ó sì ń jù ú. Èèkù wà fún ìdarí, ẹ̀rú wà fún ipá. Bí ẹ̀rú bá gùn sí i, irin á yára sí i kí ó tó balẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ kì í lè tọ́ ọ sójú kan mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀. Ìlànà tí ìwé fíṣíìsì ń fi ìlà àti lẹ́tà ṣàlàyé ni ọmọ ti ní orúkọ fún láti ilé. Iṣẹ́ olùkọ́ ni kí ó mú kí ọmọ rí ohun tí ẹnu rẹ̀ ti ń sọ.

Ìgbà náà ni kí ó bi wọ́n léèrè nípa òòlù. Irin rẹ̀ dábùú igi rẹ̀: ṣé ẹ̀rú ni ó ní? Orógùn ńkọ́, tí ibi ìdìmú àti ibi iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ igi kan náà? Kò pọn dandan kí kíláàsì fẹnu kò. Ọmọ tí ó bá sọ pé orógùn kò ní èèkù nítorí pé gbogbo rẹ̀ ni èèkù ti ronú ju ẹni tí ó kọ ìdáhùn tí ó tọ̀nà sílẹ̀ láìwo orógùn.

Ọ̀wọ́ orúkọ mìíràn wà tí ó yẹ ní àfiyèsí. Odó ní ọmọ odó, ọlọ ní ọmọ ọlọ, alágbẹ̀dẹ sì ń fi ọmọ owú lu irin. Nínú odó àti ọlọ, èyí tí ó jókòó tí ó sì wúwo ni ìyá, èyí tí ọwọ́ ń gbé sókè sódò ni ọmọ. Ìlànà kan ni ó wà níbẹ̀: kí ipá tó lè fọ́ nǹkan, ohun kan gbọ́dọ̀ dúró gbọin lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ tí ó ti fi òkúta pa ekùrọ́ lórí ilẹ̀ rírọ̀ rí mọ̀ ọ́n. Ekùrọ́ á wọlẹ̀, kò ní fọ́. Àwọn ìnàkí igbó Bossou ní ilẹ̀ Guinea náà mọ̀ ọ́n, nítorí òkúta méjì ni wọ́n ń lò, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́, ó sì ń gba àwọn ọmọ wọn ní ọdún mélòó kan kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Bí ilé ẹ̀kọ́ bá lè rí ẹdùn àrá yá lọ́wọ́ ẹnì kan, ó tún ku ìbéèrè kan. Ẹlẹ́sìn Ṣàngó ní ohun tirẹ̀ láti sọ nípa òkúta yìí, kò sì yẹ kí kíláàsì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Awalẹ̀pìtàn náà ní tirẹ̀: àáké òkúta àwọn ènìyàn ìgbà láéláé ni. Ní 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw ti Yunifásítì Ìbàdàn wa ilẹ̀ ní Ihò Eléérú, ní agbègbè Àkúrẹ́, ó sì rí irinṣẹ́ òkúta púpọ̀ pẹ̀lú egungun ènìyàn kan tí ó ti wà níbẹ̀ fún ohun tí ó ju 10,000 ọdún lọ. Òkúta ń dúró. Igi ń jẹrà. Ṣé èèkù ni ẹdùn ní ni, tàbí ẹ̀rú, tàbí ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń dì í mú? Ìrísí rẹ̀ nìkan ni ọmọ ní láti fi dáhùn, ìwádìí sì nìyẹn.

Ọ̀rọ̀-ìṣe àti ojú irin

Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ kan gé ohun gbogbo. A ń la igi, a ń ṣá igbó, a ń bẹ iṣu, a ń fá irun, a ń họ ìdí ìkòkò, a ń rin ilá, a ń gbẹ́ ère. Bí a bá kọ àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí sí ara pátákó, tí a sì ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ọwọ́ lásán ṣe bí ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà, kíláàsì yóò rí i pé ọwọ́ kò rìn bákan náà nínú èyíkéyìí méjì. Ní lílà, irin á wọlé, á sì tì igi sọ́tùn-ún sósì, ìdí nìyí tí àáké fi nípọn lẹ́yìn. Ní ṣíṣá, irin á fò kọjá, ìdí nìyí tí àdá fi fẹ́lẹ́ tí ó sì gùn. Ní fífá, irin kì í wọlé rárá, ojú awọ ni ó ń tẹ̀lé. Ọmọ tí ó bá gbìyànjú láti fi àdá la ìtì igi yóò rí i pé àdá há. Kò sí ìwé tí ó lè ṣàlàyé rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìwádìí ọkọ́

Ọkọ́ yẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Kí olùkọ́ wá ọkọ́ kékeré tí a fi ń ro oko àti ọkọ́ ńlá tí a fi ń kọ ebè. Kí ọmọ wọ̀n wọ́n, kí ó gbé wọn lọ́wọ́, kí ó yà wọ́n láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́ àti láti òkè. Ẹ̀rúkọ́ sábà máa ń jẹ́ igi tí ó ti tẹ̀ fúnra rẹ̀, ibi tí ẹ̀ka ti yà kúrò lára igi. Kí ló dé tí gbẹ́nàgbẹ́nà kò fi kan igi méjì pọ̀? Kí àwọn ọmọ kan igi méjì pọ̀ pẹ̀lú ìṣó, kí wọ́n fi ju ìwọ̀n ìgbà tí ó bá gbà kí ó tó yọ. Igi tí ó tẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ní oríkèé tí ó lè yọ. Okun inú igi náà bá a tẹ̀ lọ ni.

Lẹ́yìn èyí ni kí a fi ọkọ́ wé ṣọ́bìrì. Àwọn òyìnbó kan ti fi ojú tẹ́ńbẹ́lú wo ọkọ́ nítorí pé ó ń mú kí àgbẹ̀ tẹ̀. Bí a bá wò ó dáadáa, ṣọ́bìrì ń béèrè bàtà tí yóò tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀, ó sì ń gbé ilẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹni tí ó ń wà á. Ọkọ́ ń fa ilẹ̀ wá sọ́dọ̀ ẹni. Ẹni tí ó ń kọ ebè iṣu kò fẹ́ ihò, òkìtì ni ó fẹ́, ilẹ̀ olóràá tí ó wà lókè ni ó sì fẹ́ kó jọ. Pé ó ń dunni lẹ́yìn kì í ṣe irọ́, ó sì yẹ kí ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àléébù. Irinṣẹ́ tí kò ní àléébù kò sí, àléébù sì ni àgbékalẹ̀ tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àgbékalẹ̀ páànù ìrinlá

Láti 1866 ni Fíńláńdì ti fi iṣẹ́ ọwọ́ sínú ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́ dandan fún ọmọ. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àgbékalẹ̀ àti ìmọ̀ ẹ̀rọ wọ ètò ẹ̀kọ́ gbogboogbò ní 1990, ohun tí ó gbilẹ̀ ni pé kí ọmọ kọ́kọ́ tú ohun tí ẹlòmíràn ṣe palẹ̀, kí ó dán ọgbọ́n kan tàbí méjì wò, kí ó tó ṣe tirẹ̀. Ìlànà yìí kò béèrè ẹ̀rọ olówó ńlá. Ní Ọ̀rányàn, agolo mílíìkì tí ó ti ṣófo, ìṣó kan, òkúta kan àti pátákó pẹlẹbẹ ti tó.

Iṣẹ́ náà ni páànù tí a fi ń rin ilá. Gbogbo ọmọ ló mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, pàápàá àwọn ọmọbìnrin, ti ń lò ó. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé bí ẹ̀kọ́ irinṣẹ́ bá mọ sí àgbẹ̀dẹ àti oko, ìdajì kíláàsì yóò rò pé kì í ṣe tiwọn. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi irinṣẹ́ tí wọ́n ní lọ́kàn pa àlọ́ àpamọ̀: kí wọ́n sọ ohun tí yóò lè ṣe, ẹni tí yóò lò ó àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ ti pa ọwọ́ lára, láìdárúkọ rẹ̀. Àlọ́ àpamọ̀ ń to ànímọ́ nǹkan sílẹ̀ kí a tó mọ orúkọ rẹ̀, ohun tí oníṣẹ́ àgbékalẹ̀ náà sì ń ṣe nìyẹn kí ohun tí ó fẹ́ ṣe tó wà.

Olùkọ́ ni kí ó la agolo, kí ó sì tẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀, nítorí pé ẹnu páànù mú ju ọ̀bẹ lọ. Àwọn ọmọ á fi ìṣó lu ihò láti ẹ̀yìn kí eyín lè yọ síwájú. Kí ẹgbẹ́ kan lu ihò ńlá, kí èkejì lu kékeré. Kí ẹ̀kẹta tò wọ́n sún mọ́ra, kí ẹ̀kẹrin fi àyè sílẹ̀. Lẹ́yìn náà kí wọ́n rin ilá, kí wọ́n ka iye ìgbà tí ọwọ́ lọ tí ó sì bọ̀ kí ilá kan tó tán. Ibí ni ìjiyàn tí ó dára jù yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí ilá ẹgbẹ́ kan bá ti gbó tí ti èkejì sì rọ̀, a kò mọ èyí tí ó ń sọ̀rọ̀, páànù tàbí ilá. Bí ọmọ tí ó lágbára bá ń rin fún ẹgbẹ́ kan, a kò mọ bóyá eyín ni tàbí apá. Kí wọ́n fúnra wọn ṣàwárí pé ohun kan ṣoṣo ni kí ó yí padà lẹ́ẹ̀kan.

Wọn yóò rí nǹkan tí a kò kọ́ wọn. Ihò tí ó sún mọ́ra jù á ya wọ inú ara wọn. Páànù tí kò ní pátákó lẹ́yìn á tẹ̀. Bí ilá bá sì ti ń kéré, ìka á sún mọ́ eyín. Ọ̀nà tí àwọn ìyá ń gbà bọ́ nínú èyí ni pé wọ́n ń di ìdí ilá mú, wọn á sì ju ìdí náà nù. Ọmọ tí ó bá sọ pé ìdí ilá ni èèkù ti fi ọ̀rọ̀ kan láti ilé yanjú ìṣòro ní kíláàsì. Ẹgbẹ́ mìíràn lè gbé e kalẹ̀ lọ́nà mìíràn, kí wọ́n fi igi kékeré gún ilá. Kí a dán méjèèjì wò.

Máàkì àti èdè

Ohun méjì ni ó lè ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Èkíní ni bí a ṣe ń fún ọmọ ní máàkì. Bí ó bá jẹ́ páànù tí ó dára jù ni ó gba máàkì jù, òbí yóò ra páànù wá láti Ọjà'ba, a ó sì padà sí ọjọ́ ìgbálẹ̀. Kí a fún ọmọ ní máàkì lórí ìwé tí ó kọ: àwòrán àkọ́kọ́, ohun tí kò ṣiṣẹ́, ohun tí ó yí padà, àwòrán kejì. Ẹni tí páànù rẹ̀ ya tí ó sì mọ ìdí rẹ̀ yẹ kí ó borí ẹni tí tirẹ̀ ṣiṣẹ́ láìmọ ìdí.

Èkejì ni èdè. Ìlànà tí Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022 fi èdè abínibí sí ipò èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kéde pé òun ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa lò láti ìbẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ní Ọ̀rányàn yóò ṣe ohun tí àṣẹ bá sọ. Ṣùgbọ́n kò sí àṣẹ tí ó ní kí ó má kọ èèkù àti ẹ̀rú sí ara pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó fa ìlà sáàárín wọn, kí ó sì bi kíláàsì léèrè ìdí tí ọ̀kan fi di méjì. Bí ó bá kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, ọmọ yóò mọ̀ ọ́n kọ, yóò sì gba máàkì rẹ̀, ọ̀bẹ àti ọkọ́ yóò sì máa jókòó lórí tábìlì bí ohun tí a dì mú lọ́nà kan náà.